Léètì mi tó ti jẹ: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Mo bi yín bóyá kí n ta Myford ML7 àlòkù mi (léètì kékeré, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè fá a), torí irin 100 mm tí mo bá fá lórí rẹ̀ ń fi 0.08 mm nípọn lápá kan ju apá kejì lọ. N kò tà á mọ́. Ìmọ̀ràn pé kí n lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ sádù (apá tó ń gbé ọ̀bẹ lọ bọ̀), kó lè máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì (irin gígùn tí sádù ń rìn lórí rẹ̀) tí kò tíì jẹ, ló ṣiṣẹ́: ìyàtọ̀ náà ku 0.02 mm.

Ṣíìmù bíárìn (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń bó díẹ̀díẹ̀ kí bíárìn lè fún mọ́ ọ̀pá tó ń yí) tí mo bó dín gbígbọ̀n léètì kù díẹ̀. (Mo kọ́kọ́ bó o jù, bíárìn gbóná bí agbada àkàrà!) Léètì ṣì ń han tí mo bá ń gé irin já. Nọ́ọ̀tì kírọ́ọ̀sì-síláìdì (apá tó ń ti ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn) ló kù, n ò tíì rí òmíràn rà. Ẹ ṣé o.