Àfìwébi kọ́: ta la bi, kí la bi?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ ọ́ síbí pé nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin tí àwọn ń ṣe, "àfìwébi" ni àwọn fẹ́ kí á máa pe ìbéèrè tí aṣòfin bá kọ ránṣẹ́ sí mínísítà, tí mínísítà náà sì gbọ́dọ̀ fi ìwé dáhùn. Mo kà á, mo tún un kà, mo dìde lọ mu omi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi, n kò lè dákẹ́.

Orí "bi" ọ̀hún ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ta là ń bi? Ènìyàn ni. "Mo bi Òjó léèrè." "Wọ́n bi mí ní ohun tí ojú mi rí." Ẹni tí a fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn pẹ́kípẹ́kí. Bí a bá wá fi "à" ṣíwájú rẹ̀, ẹni tàbí ohun tí a ṣe nǹkan sí ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ọmọ tí a bí kẹ́yìn ni àbíkẹ́yìn, kì í ṣe ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò na "àfọwọ́kọ" sí mi. Ó dára bẹ́ẹ̀: ìwé la fọwọ́ kọ, ìwé yẹn náà la pè ní àfọwọ́kọ. Àfọwọ́fà ńkọ́? Ọ̀ràn la fọwọ́ fà, ọ̀ràn náà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta wá ni àfìwébi? Mínísítà fúnra rẹ̀ ni, òun la fìwé bi! Ẹ ti gbé orúkọ ìbéèrè fún olùdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi gírámà sílẹ̀ ná, ká bọ́ sórí ohùn. Gbogbo wa la mọ bí àwọn oníwèé ìròyìn ṣe ń da àmì ohùn nù. Tí wọ́n bá tẹ "afiwebi" láìlámì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ sórí nítorí ìdánwò, àfiwé ni yóò kọ́kọ́ rí, yóò sì máa wá ohun tí wọ́n fi wé ohun tí. Ẹyọ "bi" tó kù nídìí rẹ̀ lè jẹ́ bi, ó lè jẹ́ bí, ó lè jẹ́ bì. Ṣé aṣòfin ń fìwé béèrè ni, àbí ó ń fìwé bímọ, àbí ìwé ló jẹ tó wá ń bì?

Ara ń ta mí nítorí pé mo mọ iṣẹ́ náà. Kí n tó fẹ̀yìn tì ní London níbí, mo ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, orí tábìlì wa sì ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń bà sí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé yìí gan-an lẹ ò tíì wò.

Aṣòfin tó wà ní House of Commons, ilé aṣòfin tí ìbò ń gbé ènìyàn wọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, yóò kọ ìbéèrè rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Table Office. Àwọn akọ̀wé ilé tó wà níbẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ohun tó wà níkàáwọ́ mínísítà yẹn ni? Ṣé ìbéèrè ni lóòótọ́, àbí èébú tí wọ́n kàn fi àmì ìbéèrè sí nídìí? Tó bá yege, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á gbé e síta, gbogbo ayé á ti rí i kí èsì tó dé. Àṣà ni pé kí ìbéèrè lásán rí èsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí aṣòfin fúnra rẹ̀ dá ọjọ́ fún tún wà lọ́tọ̀, 5 péré sì ni ẹnì kan lè fi sílẹ̀ nínú irú èyí lóòjọ́. Tó bá jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo ti ń fi ìbéèrè lásán ránṣẹ́, o kò lè kọjá 20 lọ́jọ́ kan. Nílé àwọn Lọ́ọ̀dù (House of Lords), ilé aṣòfin kejì, 6 ni lóòjọ́, wọ́n sì ń fún mínísítà ní ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Nọ́ńbà yẹn ló ń lé wa kiri. Olórí ẹ̀ka á yọjú, á ní, "Ìbéèrè ti dé o," iṣẹ́ yòókù di títì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òṣìṣẹ́ kékeré á kọ èsì, ọ̀gá rẹ̀ á gé e kúrú, ọ̀gá ọ̀gá á tún un kọ látòkè délẹ̀, a óò wá gbé e lọ fún mínísítà kó fọwọ́ sí i. Aṣòfin tó béèrè kò lágbára àtilé ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nínú wa. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé èsì yẹn kò ní parẹ́. Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á lọ fà á yọ, á gbé òǹkà inú rẹ̀ ti òǹkà tuntun, tí méjèèjì ò bá bára mu, ìbéèrè mìíràn ti ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn.

Ẹ wo bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń béèrè. Kò ní sọ pé, "Kí ló dé tí àwọn ilé ìwòsàn yín ò dáa?" Mínísítà á kọ ojú ìwé méjì nípa ìsapá ìjọba, kò sì ní sí èsì kankan níbẹ̀. Yóò sọ pé: ènìyàn mélòó ló ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ ìbàdí ju ọdún kan lọ, ní agbègbè báyìí, lóṣooṣù, láti ọdún báyìí? Ìdáhùn sí èyí, iye ni. Bí o bá sì ti kọ iye sílẹ̀, ọrùn rẹ ti wọ okùn.

Àwa náà kúkú mọ bí a ṣe ń sá. Àyípo tó wọ́pọ̀ jù ni pé owó tí a óò fi wá èsì náà kiri ti pọ̀ jù. £850 ni ààlà. Tó bá ti lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, mínísítà láṣẹ láti kọ̀. Àyípo kejì ni pé, "Iléeṣẹ́ wa kì í kó irú òǹkà bẹ́ẹ̀ jọ." Èyí tó rọrùn jù ni ká fi falẹ̀, torí tí sáà ìjókòó ilé bá parí, ìbéèrè tí kò tíì rí èsì ti kú nìyẹn, àfi kí aṣòfin tún un fi sílẹ̀ ní sáà tuntun. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn aṣòfin tó gé ìbéèrè kan wẹ́wẹ́ sí mẹ́fà kí ìkankan má baà tó iye owó yẹn. A bú wọn títí nínú ọ́fíìsì, a sì tún kan sáárá sí wọn.

Bí wọ́n sì ṣe rí ìbéèrè sí nílẹ̀ yìí, ẹ rántí 1994. Ìwé ìròyìn The Guardian gbé e jáde pé aṣòfin méjì, Neil Hamilton àti Tim Smith, gba owó lọ́wọ́ Mohamed Al-Fayed tó ni ilé ìtajà Harrods kí wọ́n lè máa béèrè ìbéèrè fún un. Smith fi ipò mínísítà sílẹ̀. Hamilton ní irọ́ ni, àmọ́ òun náà kúrò nípò, ó sì pàdánù àga rẹ̀ nínú ìbò 1997. Ta ló ń fowó ra ohun tí kò ní láárí?

Àkọsílẹ̀ lagbára iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ n'Iléṣà. Bí ẹlẹ́jọ́ bá ń pariwo, tí bàbá bá ti lè sọ pé, "Ó wà lákọsílẹ̀," ariwo á tán. Nítorí náà, "ìbéèrè alákọsílẹ̀" ni mo fara mọ́. Kò dùn lẹ́nu bíi tuntun, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Obòkun, Peckham

———

Àbúrò mi ní Peckham,

Mo ti ń kọ́ni ní gírámà kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́, nítorí náà fara balẹ̀. "Ìbéèrè tí mo bi ọ́ lánàá." Ta ló ṣíwájú nínú gbólóhùn yẹn? Ìbéèrè ni. Bí "bi" kò bá mọ ìbéèrè rí, báwo ni ìbéèrè ṣe rí àyè lọ síwájú? Àbọ̀ méjì, ìyẹn ẹni tí a bi àti ohun tí a bi í, ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ń gbà, ìwọ rí ọ̀kan, o gbójú fo èkejì. Nígbà tí mo bá sì sọ pé "ìbéèrè àfìwébi", ìbéèrè ni àfìwébi ń yán, ìyẹn ni pé ó ń sọ irú ìbéèrè tó jẹ́, kì í dá rìn.

Ní ti ohùn, ẹni tí kò bá fàmì sí i ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ṣé nítorí àwọn tí kò mọ igbá yàtọ̀ sí igba la ó ṣe pa igbá rẹ́ nínú èdè?

London nìkan lo sì ń wò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 55, gbà kí wọ́n máa sọ Hausa, Ìgbò àti Yorùbá nílé aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Abala 97 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé bá fọwọ́ sí i. Àwọn tí yóò sọ ọ́ ní ìjókòó ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Aṣòfin tó dìde l'Ékòó fẹ́ ọ̀rọ̀ tó kúrú. Abala 88 àti 89 tún ti fún àwọn tiwa ní agbára ìwádìí àti agbára àtipe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, ohun tí wọ́n sì ń lò jù nìyẹn: wọ́n á pe mínísítà, kámẹ́rà á wà níbẹ̀, wọ́n á jágbe mọ́ ọn. Ìwádìí, ìpè, àfìwébi, mẹ́ta tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fẹ́. "Alákọsílẹ̀" kò lè ṣiṣẹ́ yẹn, torí ìwádìí náà ní àkọsílẹ̀, ìpè náà ní.

———

Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú àríyànjiyàn o. Obìnrin ni mí, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba l'Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Bàbá Peckham, ẹ ní wọ́n á ka "afiwebi" bó ṣe wù wọ́n tí kò bá lámì. Ẹ wá yọ àmì kúrò lórí "akosile" tiyín wò. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí kóòtù ìkọ̀sílẹ̀, kí lẹ rò pé yóò kà? Ìbéèrè tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀! Bóyá ó tilẹ̀ bá a mu, nítorí ohun tí àwọn mínísítà ń fi ìbéèrè ṣe nìyẹn.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó dárúkọ kúẹ́rì. Ta ló ṣe iṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà tí kò mọ kúẹ́rì? Wọ́n á kọ ọ́ sí ọ, wọ́n á dá àkókò fún ọ, ìwọ náà á fi ìwé dáhùn, a óò sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì rẹ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Kí ló tún kù? Aṣòfin fún mínísítà ní kúẹ́rì. Ẹ bi aláta l'Ọ́jà Kútọ̀, yóò yé e.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ní dáa kí n má sọ èyí: ẹ jọ̀wọ́, kí ni ohùn òkè ń wá lórí "béèrè"? Bèèrè ni ìyá ìyá mi ń pè é, ohùn ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Abèèrè kì í ṣìnà, bí wọ́n ṣe ń pa á nìyẹn.

Ìyá Ìbejì

———

Ìyá wa, mo kí yín. Ẹ mú mi níbi ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, àmọ́ kúẹ́rì kọ́. Òkè ni kúẹ́rì ti ń wá, ọ̀gá ló ń fún ọmọ iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Aṣòfin kì í ṣe ọ̀gá mínísítà. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, ó lè jẹ́ ẹni tí ìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé lánàá láti ìlú kékeré kan. Ìbéèrè rẹ̀ lè má ní ẹ̀sùn kankan nínú. Ó lè kàn fẹ́ mọ iye. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ nìyẹn, pé ẹni tí kò ní àṣẹ lórí rẹ yóò béèrè, wàá sì dáhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wo Kẹmi Badenoch, ọmọ Adégòkè, ọmọ wa tó di aṣòfin ní House of Commons. Ó wọ ilé ní 2017, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tí ń béèrè. Nígbà tó yá ó di mínísítà, wọ́n sì ń fìwé bi í. Ẹ sọ fún mi, lédè Yorùbá tí ẹ fi kọ́ wa: nígbà tó jẹ́ mínísítà, ṣé òun kọ́ ni àfìwébi?

———

Àbúrò, àkójọ náà ti lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé láàárọ̀ yìí. Àfìwébi ló wà nínú rẹ̀. Ohùn òkè sì ni mo fi sórí béèrè, kí Ìyá Ìbejì má bínú.