Káàdì SATA olówó pọ́ọ́kú nínú Dell OptiPlex 780 tòkúnbọ̀, ṣé kí n rà á?

FọtoÌbàdàn:

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín. Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ìgbéyàwó, òkú ṣíṣe, ìkómọ, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọlé. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe é ni Dell OptiPlex 780 tòkúnbọ̀, èyí tó ga tó ń dá dúró yẹn, Core 2 Duo, RAM 8GB, Windows 10. Mo mọ̀ pé ó ti darúgbó àmọ́ kò já mi kulẹ̀ rí, owó òmíràn ò sì tíì sí nílẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé gbogbo pọ́ọ̀tì SATA (ojú tí wọ́n ń ki wáyà háàdì bọ̀) tó wà lára bọ́ọ̀dù ti kún. SSD (háàdì tí kì í yí, tó ń yára) tó gbé Windows wà níbẹ̀, àwọn háàdì tí iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà lórí wọn wà níbẹ̀, DVD náà wà níbẹ̀ tí mi ò lè yọ torí àwọn ìyá ìyàwó ṣì ń bèèrè DVD (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín). Mo wá ra háàdì 4TB. Ìta ni mo kọ́ ọ sí tí mò ń lò ó lórí USB, àmọ́ USB 2 nìkan ni ẹ̀rọ yìí ní, tí mo bá ní kí n kó iṣẹ́ òde kan sórí ẹ̀ mo lè lọ jẹun kí n dé kó ṣì máa kó o.

Wàyí o, ẹnìkan tó ń tajà ní Computer Village fi káàdì kékeré kan hàn mí lórí WhatsApp, pọ́ọ̀tì SATA méjì ló ní, wọ́n kọ "SATA 3 6Gb/s" sí i lára, owó ẹ̀ ò sì pọ̀ rárá. Ó ní tí mo bá gbé SSD mi kúrò lára bọ́ọ̀dù tí mo gbé e sórí káàdì yẹn ó máa sáré ní ìlọ́po méjì, torí pé SATA 2 ni ti bọ́ọ̀dù. Ó tún ní òmíràn tó ní pọ́ọ̀tì mẹ́wàá tó ní òun á bá mi ṣe owó ẹ̀ dáadáa. Ṣé òótọ́ ló ń sọ ni àbí ó kàn fẹ́ tajà, ṣé Windows á gbéra látorí káàdì, ṣé 4TB yẹn á wọlé pátá, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì?

---

Akin_Tẹkì:

Ẹ̀gbọ́n ẹ ta ẹ̀rọ yẹn jàre. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti 14 October 2025, Core 2 Duo yín ò sì lè gbé Windows 11 24H2, torí àwọn àṣẹ kan wà tó ń bèèrè lọ́wọ́ CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) tí Core 2 ò ní. Ẹ fi owó káàdì yẹn kún owó ẹ̀rọ tuntun.

---

BàbáWáyà:

Akin, ohun tó bi wá kọ́ nìyẹn. Owó káàdì yẹn ò lè ra kíbọ́ọ̀dù gidi, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun.

FọtoÌbàdàn, ra káàdì olójú méjì yẹn, á ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ SSD tí ọkùnrin yẹn sọ, dá a padà fún un. Eré tí wọ́n kọ sára káàdì, eré àárín káàdì sí háàdì nìyẹn. Gbogbo ohun tó bá ti orí háàdì jáde ṣì máa gba inú sílọ́ọ̀tì (ihò lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀) kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ CPU, ibẹ̀ gan-an ló ti há. Nínú 780 tó ga yẹn, wàá rí sílọ́ọ̀tì PCI àtijọ́ méjì, PCIe x1 kékeré kan, àti x16 gígùn kan. Ara ICH10, ṣíìpù kan lórí bọ́ọ̀dù, ni x1 kékeré yẹn ti wá, PCIe ìran àkọ́kọ́ ni, 250MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló lè gbé lórí ìwé, tó bá dójú iṣẹ́ wàá rí nǹkan bíi 200. SATA 2 tara bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń bú yẹn ńkọ́? 300MB lórí ìwé, bíi 270 lójú iṣẹ́. Ṣó o ti wá rí i báyìí? Tó o bá gbé SSD ẹ lọ sórí káàdì "SATA 3" yẹn nínú sílọ́ọ̀tì kékeré, o fowó ra ìfàsẹ́yìn nìyẹn.

Àmọ́ háàdì tó ń yí bíi 4TB ẹ yẹn, bóyá ló fi ń kọjá 150 sí 200 lórí ara ẹ̀, nítorí náà sílọ́ọ̀tì kékeré yẹn ò ní fún un lọ́rùn. Ibẹ̀ ni káàdì yìí ti wúlò. USB 2 tó ò ń lò báyìí, bíi 35MB ló ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò 100GB á gbà ẹ́ tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ó lé díẹ̀, lórí káàdì kò ní ju bíi ìṣẹ́jú méjìlá lọ. SSD dúró síbi tó wà, 4TB lọ sórí káàdì, ọ̀rọ̀ tán.

Ti pé kí Windows gbéra látorí káàdì, BIOS àtijọ́ (ètò tó ń tan ẹ̀rọ) ni 780 ní, kò ní UEFI tó jẹ́ ti ìgbàlódé, káàdì gbọ́dọ̀ gbé ROM (ètò kékeré inú ṣíìpù) tiẹ̀ wá kí BIOS tó lè rí háàdì tó wà lórí ẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ò ní in. Tó o bá tẹ F12 nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn tó ò rí 4TB níbẹ̀, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́, tí Windows bá ti wọlé tán á rí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ní kó o gbé DVD lọ sórí káàdì náà o, ọjọ́ tó o bá fẹ́ fi àwo DVD tún Windows ṣe wàá kàn máa wo ojú ẹ̀rọ ni.

Kó o tó sanwó, sọ fún un kó ya fọ́tò ṣíìpù tó wà láàárín káàdì kó sún mọ́ ọn dáadáa, kí ìwọ fúnra ẹ kà á. ASM1061 tàbí JMB582, méjèèjì dáa, dráífà AHCI (ètò tó ń bá háàdì SATA sọ̀rọ̀) tó ti wà nínú Windows 10 tẹ́lẹ̀ ló ń lò wọ́n, kò sí CD kankan tó o máa wá. Tó bá jẹ́ SiI3112 tàbí SiI3114 orí PCI àtijọ́ ló fún ẹ, fi sílẹ̀ fún un, SATA 1 ni wọ́n, PCI yẹn fúnra ẹ̀ ò ju 133MB lọ, gbogbo ohun tó bá wà lórí ẹ̀ ló sì jọ ń pín in.

Nǹkan kan tí wọn kì í sọ fún èèyàn: tó ò bá ní káàdì gíráfíìkì nínú x16, káàdì kékeré yẹn á wọ inú ẹ̀ dáadáa, kò pọn dandan kó kún un. Ara Q45, ṣíìpù àgbà tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ni x16 yẹn ti wá, PCIe 2.0 ni, ASM1061 á gbé tó 400 níbẹ̀, nígbà yẹn SSD á ju ti bọ́ọ̀dù lọ lóòótọ́. Kàn kọ́kọ́ wọ BIOS kó o rí i pé gíráfíìkì tara bọ́ọ̀dù ló ń gbé àwòrán jáde, kí ẹ̀rọ má lọ gbé àwòrán sórí káàdì SATA tí kò ní ojú ìwòran. Èmi ò ní torí ẹ̀ gbé Windows lọ síbẹ̀ ṣá. Ohun tó ń fa fídíò ẹ sẹ́yìn tó o bá ń ṣe ẹ́díìtì, CPU yẹn ni, kì í ṣe SSD.

---

Ìyá_Network:

Bàbá ti sọ ọ́ tán àmọ́ wọn ò kan káàdì olójú mẹ́wàá yẹn. Àbúrò mi, má rà á o. Kò sí ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú tó ní pọ́ọ̀tì mẹ́wàá, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi ṣíìpù kékeré kan sí i, wọ́n á wá fi àwọn mìíràn bíi JMB575 tẹ̀lé e tó máa ń la pọ́ọ̀tì kan sí márùn-ún. Tí háàdì kan bá ṣe tán tó fẹ́ kú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn JMB575 kan náà lè pòórá lójú Windows lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ilé face-me-I-face-you tí gbogbo yàrá ń lo mítà kan, ẹnìkan tan síítóòfù oníná gbogbo ilé bá ṣókùnkùn. Iṣẹ́ ìgbéyàwó èèyàn lo fẹ́ kó sórí ẹ̀.

Tó o bá máa nílò pọ́ọ̀tì márùn-ún lọ́jọ́ iwájú, JMB585 ní márùn-ún, ASM1166 ní mẹ́fà, kò sí ìlàsíwẹ́wẹ́ kankan nínú wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ káàdì wọn ò ní wọ x1 kékeré, x16 yẹn ni wọ́n máa lọ.

4TB wàyí. Tó o bá ti kọ́ ọ tán, lọ sí Disk Management, ó máa bi ẹ́ bóyá MBR ni àbí GPT, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín háàdì. GPT ni o. Ìyẹn tó bá jẹ́ tuntun. Tó bá ti lóhun nínú láti ìgbà tó ò ń lò ó lórí USB, kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti jẹ́ GPT tẹ́lẹ̀, torí kò sí bó o ṣe máa yí i padà nínú Disk Management láìjẹ́ pé o pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Àwọn àpótí USB kan tí wọ́n ń fi háàdì sí sì wà tí wọ́n ń ka háàdì lọ́nà tiwọn, tó o bá yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ tó o kọ́ ọ sínú ẹ̀rọ, Windows á ní òun ò mọ ohun tó wà lórí ẹ̀. Torí náà kó ẹrù ẹ jáde kó o tó ṣí i. MBR ò lè kọjá 2TB, Windows á fi 3726GB hàn ẹ́, á fún ẹ ní 2048, ìyókù á dúró sọ́tọ̀ láwọ̀ dúdú tó ò ní lè fi ṣe nǹkan kan. Ti BIOS àtijọ́ ò kan GPT o, tó bá jẹ́ háàdì ẹrù lásán ni. Orí èyí tí Windows ti ń gbéra nìkan lọ̀rọ̀ UEFI ti ń wáyé.

Páwà náà wà níbẹ̀. Yẹ páwà sọ́pláì wò, wọ́n kọ wáàtì sí i lára, ti Dell yìí kì í pọ̀. Háàdì ńlá kan lè fa tó ampere méjì lórí 12V ní ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ṣe ìṣirò ẹ pẹ̀lú gbogbo èyí tó ti wà níbẹ̀. Tó o bá sì máa ra wáyà tí wọ́n fi ń la páwà sí méjì, má ra èyí tí wọ́n yọ́ rọ́bà bo ẹnu ẹ̀ pátápátá, àwọn yẹn ló máa ń sún mọ́ra nínú tí wọ́n á gbiná. Èyí tó o lè ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ tí wàá rí wáyà kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀ ni kó o rà.

---

Ọmọ_Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ̀rọ̀ káàdì LSI 9211-8i? Níbí àwọn tó ń tú sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́) àtijọ́ ń tà á ní owó tí kò tó nǹkan lórí eBay, háàdì mẹ́jọ ló ń gbé, fi firmware IT (ètò inú káàdì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rí háàdì kọ̀ọ̀kan) sí i ó parí. Ẹnìkan lè bá a mú un bọ̀.

---

BàbáWáyà:

Káàdì gidi ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ inú sáfà tí fáànù ń fẹ́ ariwo ni wọ́n ti ṣe é, nínú OptiPlex tí afẹ́fẹ́ ò dé ibẹ̀ á gbóná gan-an, ó máa jókòó sórí x16 kan ṣoṣo tó wà, ó nílò wáyà SFF-8087 tó ń yà sí mẹ́rin, ó sì tún lè jẹ́ pé tó o bá fi sínú ẹ̀rọ Intel àtijọ́ báyìí ẹ̀rọ ò ní tàn rárá àfi tó o bá lẹ téépù bo ojú irin B5 àti B6 lára káàdì. Gbogbo wàhálà yẹn torí háàdì kan? Ẹni tó ń kọ́ NAS (àpótí háàdì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni kó lọ ra ìyẹn.

---

FọtoÌbàdàn:

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Mo ti rà á, ASM1061 ni, mo kà á fúnra mi lórí fọ́tò kí n tó sanwó. Nínú Device Manager mo rí VEN_1B21 mo wá a mo rí i pé ASMedia ni lóòótọ́. x1 kékeré ni mo fi sí, SSD ò kúrò lára bọ́ọ̀dù. GPT ni mo ṣe, 3726GB ló fi hàn pátá, mo kó iṣẹ́ sórí ẹ̀, ó ń lọ bíi 160, mi ò gbàgbọ́ ojú mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Nígbà mìíràn tó bá ń kó nǹkan á kàn dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á tún máa lọ. Mo ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera háàdì wò, ó ní Good, àwọ̀ búlúù ni, àmọ́ níbi tí wọ́n kọ C7 sí, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń pọ̀ sí i. Ṣé háàdì tuntun mi ti bàjẹ́ ni?

---

Ìyá_Network:

Rárá, fọkàn balẹ̀. C7 ni iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ dàrú lórí wáyà láàárín háàdì àti káàdì, kò kan àwo inú háàdì. Èyí tí wàá máa bẹ̀rù ni 05 àti C5 (ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lórí àwo háàdì), tí àwọn yẹn bá wà ní òdo háàdì ẹ wà dáadáa.

Wáyà SATA pupa tín-ínrín tó bá káàdì wá lo lò àbí? Jù ú nù. Mú ọ̀kan lára àwọn tó bá Dell yẹn wá, tàbí kó o ra èyí tó ní irin tó ń di ẹnu ẹ̀ mú kó má mì, má sì ká a pọ̀ mọ́ wáyà páwà. Tó o bá ti pààrọ̀ ẹ̀ tán, kọ nọ́ńbà C7 tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kó iṣẹ́ ńlá kan sórí háàdì, kó o tún wò ó. Kò ní padà sí òdo láé o, àkọsílẹ̀ ni, kó má ṣáà ti gòkè mọ́. Tó bá ṣì ń gòkè pẹ̀lú wáyà tuntun, gbé e sí pọ́ọ̀tì kejì lórí káàdì, kó o wá sọ fún wa níbí ohun tó o rí.