Atẹ́gùn nínú àbájáde ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè

Ìyá Eléré: Ẹ kú ìjíròrò o. Nínú àbájáde ìdíje eré orí pápá ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, mo rí i pé wọ́n kọ lẹ́tà «w» (ìyẹn «wind», atẹ́gùn) sí ẹ̀gbẹ́ àkókò àwọn kan tó sá 100 mítà. Bí atẹ́gùn bá ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣé wọn yóò gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn ni?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá: Rárá, Ìyá wa. Atẹ́gùn kan náà ló fẹ́ sí gbogbo wọn, nítorí náà ipò àti àmì-ẹ̀yẹ wọn kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀yìn wá bá ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a kò lè ka àkókò náà sí àkọsílẹ̀ tuntun, kò sì lè mú eléré dé òṣùwọ̀n tí Òlíḿpíìkì ń béèrè. Ó dùn mí fún àwọn ọ̀dọ́ tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Òfin yìí kan 200 mítà àti fífò jìnnà pẹ̀lú.

Ará Ìjẹ̀bú: Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa tó ń sá 100 mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà, nínú ìdíje àgbáyé ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje ọdún 2022. Ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 gba àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, lẹ́yìn náà ó sá 12.06 ní àṣekágbá, ó sì gba wúrà. Ṣùgbọ́n nítorí pé atẹ́gùn àṣekágbá náà jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 12.12 ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àgbáyé.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá: Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn olùṣètò máa tẹ ìwọ̀n atẹ́gùn eré kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú àbájáde rẹ̀.