Fọ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé àmì ọ̀rọ̀ wa mì, kí ni kí n ṣe?

Àdùnní Dìsáìnì
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Mò ń ṣe káàdì ìgbéyàwó fún ọmọ àǹtí mi, fọ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Raleway Thin ni mo lò torí mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, lẹ́tà o ẹ̀ rí róbótó bíi pé wọ́n fi kọ́ńpáàsì yí i, ẹsẹ̀ W ẹ̀ kọjá ara wọn láàárín, ó sì mọ́ tónítóní lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ wáìnì. Nígbà tí sáńpù dé báyìí, àmì ohùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, èyí tó wá dùn mí jù ni ibi tí mo kọ "Ìdílé ọkọ" sí, àmì abẹ́ ọ méjèèjì ti rì sínú wáìnì, ó ti di "Ìdílé oko". Àǹtí mi wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn rọra gbé e sórí tábìlì. Ó ká mi lára. Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀rọ òun ò ní àléébù, fọ́ǹtì mi ló tín jù. Ṣé òótọ́ ni? 400 la fẹ́ tẹ̀.

Bàbá Ìtẹ̀wé
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, mo ti rí irú ẹ̀ láìmọye ìgbà. Wáìnì tó o rí yẹn kì í ṣe íǹkì kan, sáyáànù, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú ló pàdé lórí ara wọn, íǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní pélétì tiẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, pélétì kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ fi àyè lẹ́tà sílẹ̀ kí funfun bébà lè hàn. Tí bébà bá wá sún bí ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, íǹkì kan á bo àyè yẹn. Lẹ́tà tó sanra á ṣì kù, tẹ́ẹ́rẹ́ á lọ, àmì abẹ́ ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Wá bébà aláwọ̀ kíríìmù, kí wọ́n po íǹkì wáìnì kan ṣoṣo fún ẹ, kí wọ́n fi ìyẹn tẹ lẹ́tà náà. Pélétì kan, kò sí ohun tó máa sún kúrò lórí ohun kan.

Akọ̀wé Kékeré
Bàbá ti sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́ǹtì. Àdùnní, nígbà tí Matt McInerney ṣe Raleway ní 2010, Thin yẹn nìkan ló wà, àkọlé ńlá ni wọ́n ṣe é fún. 2012 ni Pablo Impallari àti Rodrigo Fuenzalida sọ ọ́ di ìwọ̀n sísanra 9, láti Thin tó tín jù dé Black tó sanra jù. Torí náà o ò ní láti fi í sílẹ̀, fi Thin kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó ní 48 pọ́ìǹtì kó gba afẹ́fẹ́ dáadáa, kó o wá fi Regular tàbí Medium tó wà láàárín kọ àdírẹ́sì àti orúkọ ìdílé. Bí lẹ́tà bá ṣe tín tó náà ni àmì abẹ́ ẹ̀ ń tín, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo àmì yẹn kí n tó yan ìwọ̀n, mi ò kì í wo ẹsẹ̀ lẹ́tà rárá.

Ti róbótó tó o sọ, ó ti pẹ́ o, Paul Renner ti gbé Futura jáde ní Jámánì ní 1927, lẹ́tà o inú ẹ̀ jọ èyí tí wọ́n fi kọ́ńpáàsì yí àmọ́ ìlà ẹ̀ ò dọ́gba yípo, wọ́n fọwọ́ tún un ṣe kó lè dọ́gba lójú. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wù mí nìyẹn. Tún wo déètì inú káàdì ẹ, nọ́ńbà Raleway máa ń lọ sókè sódò, àwọn tó dúró lórí ìlà kan náà wà níbẹ̀ tó o bá wá wọn.

Ọmọ Ọ̀jẹ̀
Ẹ fi èyí kún un. Lẹ́tà ẹ àti ọ wà nínú fọ́ǹtì púpọ̀ torí àwọn ará Vietnam ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣ, àmì abẹ́ yẹn sì ni ohùn lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í fi ohùn mìíì lé e lórí. Ẹ́ àti ọ̀ tiwa kò ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì òkè máa jókòó sí. Tí ò bá mọ̀ ọ́n, àmì á ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó wọ inú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń dán fọ́ǹtì wò: Ọ̀ṣọ́. Tẹ̀ ẹ́ ní títóbi, tẹ̀ ẹ́ ní 9 pọ́ìǹtì, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kó o tó san owó ẹnikẹ́ni. Fún un ní àyè láàárín ìlà pẹ̀lú, torí àmì orí Ọ̀ máa ń gbá ìlà òkè.

Àdùnní Dìsáìnì
Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá mo dúpẹ́ sà. Mo ti po wáìnì kan, Thin fún orúkọ méjèèjì nìkan, ìyókù Medium, mo sì fi díẹ̀ kún àyè ìlà. Sáńpù kejì dé lánàá. Àǹtí mi gbé e sábẹ́ iná, wọ́n sì ka "Ìdílé ọkọ" jáde sókè.