Ẹ̀rọ amúmigbóná inú ọkọ̀ wa ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ amúmigbóná onígáàsì inú ọkọ̀ tí a fi ṣe ilé ní Kétu, tí mo kọ̀wé pé iná rẹ̀ ń ràn tí ó sì ń kú lójú ẹsẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Yíyọ òwú aláǹtakùn kúrò nínú páìpù iná rẹ̀ sọ iná náà di búlúù bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kú. Wáyà tí ó so ẹ̀rọ náà mọ́ irin ọkọ̀, tí ẹnìkan nínú yín ní kí n yẹ̀ wò, ni ìdí rẹ̀ gan-an: ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ti dípẹtà, bọ́ọ̀dù tí ń darí ẹ̀rọ náà kò sì lè mọ̀ pé iná ti ràn, ni ó fi ń ti gáàsì pa fún ààbò. Mo fi sáńpépà họ ọ́, mo dè é le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ wáyà yìí wò kí ẹ tó ra bọ́ọ̀dù tuntun. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ṣì ń pa iná náà nígbà mìíràn. Mo dúpẹ́.