Okùn wo ló dáa fún omi tí ò jìn? Ẹja kàn ń wò mí níran

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Katy:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti ń fi ìwọ̀ pẹja tipẹ́. Adágún kékeré kan wà lẹ́yìn ẹsíteètì wa níbí ní Katy, Texas, etí ẹ̀ ò ju orúnkún lọ, omi ẹ̀ mọ́ gaara débi pé mò ń rí ẹja bass tó dúró sídìí koríko bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Braid, okùn oníhun tó lè gba ìfà pọ́ùn 30, ló wà lórí ríìlì mi (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká okùn), mo so ìwọ̀ mọ́ ọn tààrà, mo fi ekòló rọ́bà kékeré sí i, ẹja á sún mọ́ ọn, á wò ó, á yí ìdí padà. Mo ní ó dáa, mo lọ ra fluorocarbon pọ́ùn 6, okùn kan tí kì í tètè hàn nínú omi. Sátidé, ọ̀kan gbé e, ẹja ńlá ni o mo rí ikùn ẹ̀, mo gbé ọ̀pá sókè, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ni gbogbo ẹ̀ bá dẹ̀, okùn padà wá láìsí ìwọ̀. Ó dùn mí wọ egungun. Ṣé kí n padà sí okùn tó nípọn ni àbí kí n ra òmíì? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀ ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá_Dallas:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Má padà sí pọ́ùn 30 yẹn o, ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú braid kọjá, nínú omi tó mọ́ ńṣe ló máa hàn bí okùn ìsáṣọ. Tèmi, braid pọ́ùn 10 ló kún ríìlì mi, ó tín-ín-rín bíi náílọ̀n pọ́ùn 2 tàbí 3, kì í nà, tí ẹja bá fẹnu kàn án báyìí ọwọ́ mi á ti gbọ́. Mo wá fi kókó double uni so fluorocarbon pọ́ùn 8 mọ́ orí ẹ̀ bíi lídà, ìyẹn okùn iwájú tí ìwọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú omi, 1.33 ni wọ́n máa ń pè é, ti fluorocarbon 1.42, ti náílọ̀n lé ní 1.5, ìyẹn ni pé fluorocarbon ló fara jọ omi jù nínú wọn, kì í ṣe pé ẹja ò lè rí i rárá o.

Kó o tó ká braid, fi náílọ̀n díẹ̀ sí ìdí súpúùlù, ibi tí okùn ń wé sí lára ríìlì, torí braid ń yọ̀, gbogbo ẹ̀ á máa yí lórí súpúùlù, wàá rò pé drag, bíréèkì ríìlì, ló bàjẹ́.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ gan-an ni pé ẹnu okùn tó padà wá yẹn, báwo ló ṣe rí? Ṣé ó gé gére, àbí ó họ, àbí ó lọ́?

Ìyá_Ìbejì_MD:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ò purọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní owó ò sí, ẹ ní kó lọ ra okùn méjì 😂 Náílọ̀n pọ́ùn 6 lásán lèmi ń lò ní Maryland níbí. Fluorocarbon wúwo ju omi lọ dáadáa, nínú omi orúnkún ó máa ń lọ sùn sáàárín koríko, tó o bá wá fà á ewé lo máa fà wálé. Náílọ̀n rọra ń rì ni. Àlébù ẹ̀ ni pé ó ń nà, ó ń mumi, oòrùn dẹ̀ ń jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀ mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀ léraléra, kò kúkú wọ́n.

Ìwọ náà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o tó jù ú sómi! Òjìji ẹ ń lé ẹja. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, ó dúró létí omi bí òpó iná, ó ń bú okùn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Katy:
Ẹ ṣeun mọ́mì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lèmi náà wọ̀ lọ 🙈 Bàbá Dallas, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó nínú búùtù mọ́tò ni, ẹnu ẹ̀ ò gé, kò dẹ̀ họ, ó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.

Bàbá_Dallas:
Ẹ̀n-ẹ́n! Okùn ò ṣẹ̀ ẹ́ o jàre. Kókó ló yọ̀. Tó bá jẹ́ òkúta tàbí igi ló gé e ni, ẹnu ẹ̀ á rí ṣákaṣàka. Fluorocarbon le, kókó ẹ̀ kì í tètè dì bíi ti náílọ̀n, tó o bá dẹ̀ fà á ní gbígbẹ á gbóná, á ba ara ẹ̀ jẹ́. Kókó Palomar ni kó o ta: ṣẹ́ okùn po sí méjì, fi bọ ojú ìwọ̀, ta kókó kan ṣoṣo láì fún un, mú ìwọ̀ gba inú ihò tó kù níwájú kọjá, fi itọ́ tutù ú, wá rọra fà á títí á fi dì. Má gé ìdí ẹ̀ kúrú jù.

Ọmọ_Ìlàjẹ:
Kókó gbígbẹ kẹ̀! Bàbá mi á ti gbá ẹ létí. Okùn ọwọ́ la fi ń pẹja nílé, kò sí ríìlì, kò sí drag, ìka ẹ lo fi máa mọ̀ pé ẹja ti dé, tí kókó bá sì yọ̀, ìwọ lo máa fowó ara ẹ ra ìwọ̀ tuntun.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Katy:
Mo jókòó ti tábìlì lálẹ́ yìí, mo ta méje, mo fi ìwọ̀ kọ́ ọwọ́ dúrọ́ọ̀, mo wé aṣọ mọ́ ọwọ́ mo fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tí mo ta ní gbígbẹ, méjì yọ̀. Mẹ́rin tí mo fi itọ́ sí, ọ̀kankan ò mira, ìyàwó mi ní kí n yéé tutọ́ sórí tábìlì oúnjẹ. Màá lo fluorocarbon yìí tán ná kí n tó ra náílọ̀n tí mọ́mì sọ. Lọ́la kílẹ̀ tó mọ́ tán màá ti wà létí omi, ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé ni mo ti yọ sílẹ̀.