Ìpè èmi àti màmá mi kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ

Ọmọ Òkèhò béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé láti ọdún 2017. Màmá mi wà ní Òkèhò ní Òkè-Ògùn. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75, ṣùgbọ́n ara wọn le, etí wọn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì ń lọ sí ọjà fúnra wọn. Àwọn àti ọmọ àbúrò wọn kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n jọ ń gbé.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n. Bí ìpè náà ṣe máa ń rí nìyí: èmi yóò kí wọn, wọn yóò kì mí ní oríkì, wọn yóò bi mí bóyá mo ti jẹun, wọn yóò béèrè àwọn ọmọ àti ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà yóò béèrè ara wọn, wọn yóò ní "A dúpẹ́", wọn yóò bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kí n tó ṣe àmín ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọn yóò ti sọ pé "Ó tó, má jẹ́ kí owó rẹ jó dànù", ìpè yóò sì já. Mo wo àkọsílẹ̀ orí fóònù mi fún oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ àwọn yìí kan náà ni wọ́n máa ń jókòó ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí a wà ní kékeré, tí ìtàn kan yóò máa bí òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Mo ra fóònù olójú ńlá ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún tó kọjá kí a lè máa rí ojú ara wa. Inú àpótí aṣọ òkè wọn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣì ń lò.

Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé, ní oṣù tó kọjá, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí wọ́n jọ jẹ́ kòríkòsùn, ti ṣaláìsí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti màmá mi ti sọ̀rọ̀ láàárín àkókò náà. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, èsì wọn ni pé, ṣé orí fóònù ni wọ́n ti ń túfọ̀ ni?

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe tí ọ̀rọ̀ èmi àti wọn yóò fi padà di ọ̀rọ̀, tí kò ní jẹ́ kìkì ìkíni àti àdúrà?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn:

Ọmọ mi, o kú àárò màmá rẹ, o sì kú àṣẹ̀yìndè ẹ̀gbọ́n wọn. Má ṣe rò pé màmá rẹ kò ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ìlò fóònù ni kí o wò. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká tí a ń pè ní GSM dé sí Nàìjíríà, náírà 50 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, bí ọ̀rọ̀ bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré wọ inú ìṣẹ́jú kejì, náírà 50 mìíràn ti lọ nìyẹn. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ fóònù Glo wọlé ní ọdún 2003 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀pọ̀ àwọn màmá wa ni kò tilẹ̀ ní fóònù tiwọn nígbà náà. Abẹ́ agboòrùn àwọn tí ń ta ìpè lẹ́bàá títì ni wọ́n ti ń pè, tí ẹni tí ó ni fóònù yóò tẹjú mọ́ aago, tí àwọn ẹni mẹ́ta mìíràn yóò sì dúró lẹ́yìn wọn tí wọn yóò máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìkíni, iṣẹ́ tí ó fẹ́ rán àti àdúrà ni yóò mọ̀ ọ́n mọ́.

Jẹ́ kí n sọ òdìkejì rẹ̀ fún ọ. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní London kì í kọ lẹ́tà. Ó máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, yóò sì fi rán ẹni tí ń bọ̀ nílé. Bàbá wa yóò pe gbogbo agboolé jọ, a óò fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò, bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì ti ń kí wọn, wọn yóò máa dá a lóhùn bí ẹni pé ó jókòó sórí ẹní níwájú wọn. Lẹ́yìn náà, a óò gba èsì tiwa sí ojú kejì. Ojú kọ̀ọ̀kan gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bàbá wa kò sì fẹ́ kí àyè kankan ṣòfò níbẹ̀, nítorí náà wọn yóò sọ ti òjò, wọn yóò sọ ti kòkó, wọn yóò sọ ti ẹjọ́ ilẹ̀ tí kò parí, wọn yóò sọ ohun tí ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ, títí kásẹ́ẹ̀tì yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ẹni kan náà yìí, nígbà tí fóònù dé, ìṣẹ́jú méjì kò pé tí wọn yóò fi ní kí a pa á. Ṣé o rí i? Kásẹ́ẹ̀tì ní àyè tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀, fóònù ní aago tí ó ń lé ọ̀rọ̀ jáde.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohùn gbígbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, tí wọ́n fi kún un láti ọdún 2013, bá àwọn àgbàlagbà lára mu ju ìpè lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ni, kò kàn ní ike ni. Kí ọmọ àbúrò wọn tí ó wà nílé máa bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Bàbá Olùkọ́. Òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà nílé fi tèmi kún un. Èmi ni mo ń tọ́jú ìyá ọkọ mi, àwọn ọmọ wọn mẹ́ta sì wà lókè òkun. Ọjọ́ Àìkú tí gbogbo yín fẹ́ràn láti máa pè yìí, ọjọ́ ọ̀fẹ́ ẹ̀yin ni, kì í ṣe ti màmá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, àlejò méjì wà ní pálọ̀, ẹnì kan sì ti fi ohùn fóònù sí gbangba kí gbogbo wọn lè jọ kí ọmọ òkè òkun. Ta ni yóò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ níwájú irú èrò bẹ́ẹ̀? Bí ìyá ọkọ mi bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí ni ẹnu wọn máa ń là. Mo máa ń gbé fóònù tì wọ́n sórí àpótí ìjókòó ni, n óò sì kúrò níbẹ̀.

Àbúrò mi, wádìí ìgbà tí ọwọ́ màmá ń wà lẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí o pè nígbà náà. Yéé bi wọ́n pé "báwo ni", nítorí "a dúpẹ́" nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kò sí màmá kan tí yóò dáhùn rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé àmàlà rẹ ń dí kókó. Bi wọ́n pé ọmọ ta ni Bàbá Alágbẹ̀dẹ tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé yín.

Ti owó tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ náà, wọn kò ṣìnà. Bí o bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe fóònù onítọ́ọ̀ṣì, owó gidi ni ó ń jó. Bí ó bá sì jẹ́ WhatsApp ni, ẹni tí ó wà nílé ni yóò ra dátà, iye tí a sì ń rà á ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà tí ìjọba fọwọ́ sí i ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó, tí ó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ aṣọ kò lè máa gbé ìyẹn. Máa fi owó dátà ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, kí o sì fi ti iná kún un, nítorí fóònù tí iná kò sí lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí bíríkì.

Ọ̀kan ṣẹ́kù. Ní oṣù Igbe ọdún 2022 tí wọ́n dí ìpè jíjáde lórí gbogbo láìnì tí a kò so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, láìnì ìyá ọkọ mi wà lára wọn. Ìpè ń wọlé, kò sí èyí tí ń jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń fi fíláàṣì wọn, ìyẹn ìpè tí wọ́n máa ń já kí a tó gbé e, ṣe ẹlẹ́yà rò pé màmá ń bínú, wọ́n sì dákẹ́ fún bí oṣù kan. Bí màmá kò bá pè ọ́ láti ọjọ́ yìí, kọ́kọ́ wádìí láìnì wọn.

Àjàní, Houston:

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ lórí àkókò. Lọ́dọ̀ tiwa, wákàtí mẹ́fà ni ilé fi ṣáájú wa ní ìgbà ooru, ó ń di méje ní ìgbà òtútù, nítorí náà nígbà tí màmá mi bá jẹun alẹ́ tán ní Abẹ́òkúta, ẹnu iṣẹ́ ni èmi wà. Ohùn tí a ń gbà sílẹ̀ ni ó gbà wá. Inú mọ́tò ni mo ti ń gba tèmi bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ìyẹn ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìwàásù ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi padà. Mo wá sọ fún wọn pé ọmọbìnrin mi kò mọ oríkì rẹ̀ ju ìlà kan lọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí wọn kò lè ki àwa tí a wà láyé kí wọ́n má ki àwọn tí ó bí wa, wọn kò sì lè ki àwọn yẹn kí wọ́n má sọ ohun tí olúkúlùkù wọn ṣe.

Má gbẹ́kẹ̀ lé ẹgbẹ́ ẹbí orí WhatsApp o. Àwa 43 ni a wà nínú tiwa, àwòrán òdòdó tí a kọ "ẹ káàárọ̀" sí ni ó kún ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé àbúrò bàbá mi wà ní ilé ìwòsàn. Bákan náà, ẹ ní ìbéèrè kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà sín ohùn ọmọ ẹni jẹ báyìí.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:

Arákùnrin Àjàní, ṣé màmá mọ̀ pé ẹ ń tọ́jú gbogbo ohùn náà? Mo béèrè nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá ọkọ mi gbé ohùn ìyá wọn sí gbangba lórí Facebook, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ orogún wọn tí ó ti kú. Ó di ọ̀rọ̀ ẹbí. Láti ọjọ́ náà, bí màmá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sínú fóònù, wọn yóò kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe èyí tí ayé yóò gbọ́?"

Ọmọ Òkèhò padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kọ́kọ́ pe ọmọ àbúrò wọn, ó sì sọ fún mi pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń bó ẹ̀gúsí tí wọn yóò gbé lọ sí ọjà. Òun náà ni ó fi ẹ̀bẹ̀ yọ fóònù ńlá kúrò nínú àpótí, pẹ̀lú ìlérí pé kò ní sí fídíò, nítorí wọn kò fẹ́ kí n rí wọn láì wé gèlè. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ mo pẹ́ ní wákàtí kan, nítorí mo gbàgbé pé wọ́n ti yí aago padà níhìn-ín láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà. Wọ́n ti sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, mo gbọ́ ìró èèpo ẹ̀gúsí kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Mo sọ fún wọn pé a ti san owó dátà náà ṣáájú, a kò ní san owó mìíràn bí a bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ títí di òwúrọ̀. Wọ́n ní irọ́ ni. Mo wá bi wọ́n bí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń pín ẹ̀gúsí bó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ṣùgbọ́n èèpo ṣì ń ró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn kì í bó ẹ̀gúsí rárá, ó máa ń kọrin fún wọn ni kí wọ́n lè bá a bó tirẹ̀. Wọ́n kọ orin náà fún mi. Wọ́n sọ ọjọ́ tí ó kú, ẹni tí ó wà níbẹ̀, àti ohun tí ó ní kí wọ́n sọ fún mi. Ìṣẹ́jú 38 ni gbogbo rẹ̀, n kò sì gba ohùn náà sílẹ̀, nítorí n kò tíì tọrọ àyè.

Ìgbà tí a fẹ́ parí ni wọ́n mẹ́nu bà á pé páànù yàrá ìyẹ̀wù ti ń jò láti ìgbà òjò, abọ́ ni àwọn fi ń gbè é. Oṣù mélòó ni mo ti ń bi wọ́n pé báwo ni? Bí ẹnikẹ́ni bá mọ kápẹ́ńtà tó ṣeé fọkàn tán ní Òkèhò tàbí ní Ìsẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un.